Igi Ólífì tí Ruggero Fi Mú Mi

Carmelina ọmọ mi,

Ṣé òtútù òkun Napoli ò tíì wọ̀ ọ́ lára? Ẹni Mímọ́ tó ń ṣọ́ abúlé wa kò ní jẹ́ kó wọ̀ ọ́. Ara ìyá rẹ le, ewúrẹ́ wa bí ìbejì, èmi nìkan ni inú ń bí.

Ọ̀rọ̀ Ruggero tó fẹ́ fẹ́ ọ ni. Lọ́jọ́ tí o ní kí n wá wo eré orí ìtàgé yín, ojú mi báyìí ló ṣe pe ara rẹ̀ ní dókítà fún bàbá àgbàlagbà kan, tó sì gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Mo dìde, mo kìlọ̀ fún bàbá náà, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, òun alára ò tilẹ̀ dúpẹ́. O ní iṣẹ́ ni. Iṣẹ́ wo ni wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún òpùrọ́?

Ìdí tí mo fi kọ̀ ọ́ nìyẹn. O ṣáà mọ̀ pé ẹni tó bá ń fẹ́ ọmọ wa níbí, ìtì igi ló ń gbé sẹ́nu ọ̀nà bàbá ọmọ, bí bàbá bá sì gbé e wọlé, ó ti fún un lọ́mọ nìyẹn. Èyí tí Ruggero gbé wá, mo yí i sísàlẹ̀ òkè, ó bọ́ sínú ọgbà àlùfáà.

Àfi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí òjò ń rọ̀, tí arúgbó onírùngbọ̀n funfun kan dé, tó ń wúkọ́, tó ru igi ólífì. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun, kí n bá òun gbé e wọlé kó má baà tutù. Àánú ṣe mí. Mo fi fìlà mi bò ó lórí, mo gbé igi rẹ̀ sẹ́bàá iná, mo bu wáìnì fún un. Bí mo ṣe nàró tán, Peppina aládùúgbò wa ti ń kí mi láti ojú fèrèsé pé bàbá ìyàwó kú oríire. Arúgbó bá bọ́ irùngbọ̀n sápò, ó fẹnu ko ọwọ́ mi, ó ní, “Bàbá, ẹ ṣé tí ẹ fún mi lọ́mọ.” Ruggero ni.

Kí n tó gbé igi náà jù síta, ìyá rẹ ti tì í bọná. Mo bi í bóyá ó mọ̀ sí i, ó ní kí n wá jẹun. Má rẹ́rìn-ín, Carmelina.

Gbogbo abúlé ló rí mi, mo ti gbà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú, kó gbé ojú ara rẹ̀ wá, kó jókòó tì mí títí a ó fi jẹun tán, kí n mọ ẹni tí mo fún lọ́mọ. Fi owó fìlà ránṣẹ́, ó ti gbé tèmi lọ.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí irọ́ rẹ̀ mọ síbi iṣẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Saverio