Fẹ́ǹsì Ẹ̀yìnkùlé Wa

Bàbá mi ọ̀wọ́n, tí ẹ sùn sí ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì,

Ẹ kú àtijọ́ o. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìsọlọ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ni mo jókòó sí, níbi tí ẹ ti máa ń sá bátìrì rédíò yín sóòrùn, mo sì ń wo ibojì yín láti ibí. Táìsì funfun tí ẹ̀gbọ́n mi fi bò ó ṣì ń dán. Mi ò lè sún mọ́ ọn. Ojú yín ń tì mí, Bàbá. Èyí tó tún wá burú ni pé ojú ń tì mí nítorí yín, mi ò sì mọ èyí tó wúwo jù nínú méjèèjì.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ mi ò yé ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa. Ẹ̀yin fúnra yín, bí wọ́n bá bi yín ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ máa ń ní ọmọ yín ń kàwé omi. A máa ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ ò jìnnà sóòótọ́. Inú kọ̀ǹpútà ni mo ti ń wo bí omi ṣe ń rìn. Màá ya odò tàbí gọ́tà sínú rẹ̀, màá gé omi náà sí wẹ́wẹ́ bí ẹyọ ìrẹsì, kọ̀ǹpútà á wá ṣírò bí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ṣe ń ti èkejì: ibi tó ti máa sáré, ibi tó ti máa dúró, ibi tó ti máa gòkè wọ ilé onílé. Ẹ̀yin náà lẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Bí ẹ bá bó ọsàn tán, ẹ máa ń ju èèpo rẹ̀ sí gọ́tà iwájú ilé, èmi á máa sá tẹ̀lé e títí dé kọ́nà, kí n lè wá sọ ibi tó há sí fún yín. Kì í rẹ̀ yín láti bi mí.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀gá mi ní yunifásítì ní kí olúkúlùkù mú odò kan tó mọ̀ dáadáa. Mo mú kánààlì ẹ̀yìnkùlé wa. Ta ló tún mọ̀ ọ́n jù mí lọ? Mo wọ bàtà òjò, mo ń wọn ìbú rẹ̀ láti apá Òṣòdì wá, àwọn tó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bóyá ẹja ni mò ń wá. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, afárá, pàǹtírí, fẹ́ǹsì ilé kọ̀ọ̀kan, mo wá jẹ́ kí òjò rọ̀ nínú rẹ̀. Ibi tí omi bá ti ga jù ni kọ̀ǹpútà máa ń kùn ní pupa. Ilé Ìyá Bọ́sẹ̀ tó múlé gbè wá ló pọ́n. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé kò sí òjò ńlá tó rọ̀ tí omi kì í wọ ilé ìyá náà, ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni kánààlì sì ń gbà kó tó dé ẹ̀yìn tiwa. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni ohun tó ń dá omi padà sí i lára. Fẹ́ǹsì wa ni.

Mo rò pé mo ṣìṣe ni. Mo tún un ṣe, mo yí gbogbo ohun tó ṣeé yí. Nígbà tó yá, mo yọ fẹ́ǹsì wa nìkan kúrò, mo tún jẹ́ kí òjò rọ̀. Pupa yẹn lọ. Omi gba igun ilẹ̀ wa kọjá, ó bá tirẹ̀ lọ, ilé Ìyá Bọ́sẹ̀ gbẹ. Mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo bú sẹ́kún.

Igun yẹn ni omi máa ń yà gbà tẹ́lẹ̀ nígbà tí kánààlì bá kún, Bàbá. Mo kéré nígbà náà, ẹ ṣì ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ aṣọ, àmọ́ mo rántí àwọn típà tó ń da yẹ̀pẹ̀ síbi tí àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ti máa ń ké. Ẹ kún un, ẹ mọ fẹ́ǹsì yí i ká. Gbogbo ayé ń yìn yín pé omi kì í wọ ilé yín. Ẹ máa ń dáhùn pé Ọlọ́run ni.

Ẹ wá ṣe dáadáa sí ìyá náà. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Bí omi bá ti wọlé wọn, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ máa ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ẹ ó máa bá wọn gbọ́n ọn. Bọ́sẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ á wá sùn sọ́dọ̀ wa. Ẹ ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ẹ ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan fún èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tí a ti nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì: "Ó yá, ẹ dìde, ẹ fún wọn láyè." Bí a bá ń kùn, ẹ ó ní ẹni bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. A ó bọ́ sórí ẹní. Láàárọ̀, Ìyá Bọ́sẹ̀ á gbé mọ́ínmọ́ín wá fi dúpẹ́. A jẹ mọ́ínmọ́ín yẹn, Bàbá. Ọdọọdún la jẹ ẹ́.

Àwọn lánlọ́ọ̀dù pè mí sí ìpàdé pé kí n wá ṣàlàyé ohun tí mo rí. Mo fi àwòrán náà hàn wọ́n lára ògiri gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bá wọn wí nítorí pàǹtírí, mo sọ ti afárá tó ṣe tóóró. Igun ilé tiwa, mo ti gé e kúrò nínú àwòrán kí n tó jáde nílé. Ìyá Bọ́sẹ̀ dìde, ó wúre fún mi, ó ní ẹni tó bí irú mi kò kú. Gbogbo wọn ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín. Bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ náà, tayọ̀tayọ̀ ni ǹ bá fi wọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá Ìyá Bọ́sẹ̀. Ó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bá mi ṣeré bó ṣe máa ń ṣe, ó ń pè mí ní Dọ́kítà Olómi. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tí mo gé kúrò. Èébú ni mò ń retí, bóyá èpè pàápàá. Ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò nínú ẹ̀wà. Ó gbójú sókè wò mí.

"Ṣé bàbá yín mọ̀?"

Mo ní mi ò mọ̀, òótọ́ sì ni. Àmọ́ látìgbà náà ni mo ti ń rò ó. Kí ló dé tí ẹ fi máa ń tẹ́ ẹní sílẹ̀ nígbà tí òjò ṣì ń ṣú, kí omi tó wọlé ẹnikẹ́ni? Kí ló dé tó jẹ́ igun yẹn gan-an lẹ ní kí a sin yín sí, nígbà tí ibojì Màámi ti wà nílé ní Ìjẹ̀bú tó ń dúró dè yín? Ẹ ní ẹ fẹ́ máa ṣọ́ ilé yín. Àbí ẹ mọ̀ pé kò sí ọmọ tó máa gbé òòlù sí fẹ́ǹsì tí bàbá rẹ̀ sùn tì? Ẹ má bínú. Irú ìbéèrè yìí, mi ò jẹ́ bi yín nígbà tí ẹ wà láyé.

Nígbà tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé a ní láti gbé yín kúrò níbẹ̀ ká lè wó fẹ́ǹsì fún omi, ó fi mí gégùn-ún. Ó ní ṣé ìwé tí mo kà náà ni mo fẹ́ fi hú òkú bàbá mi. Ó ní kí n má pe òun mọ́. Àfi àná tí òjò rọ̀, tó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Bọ́ládé wá wo ilé, tó bá mi ní pálọ̀ Ìyá Bọ́sẹ̀ tí mò ń gbọ́n omi. Kò kí mi. Ó dúró, ó wo ilà tí omi ti fà sára ògiri wọn, ọ̀kan lórí èkejì, èyí tó ti pẹ́ àti èyí tó ṣì tutù. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń ká a, ó gba bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi. Nígbà tí a parí, ìyá náà fẹ́ dúpẹ́, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má dúpẹ́. Ẹnu ọ̀nà ni ẹ̀gbọ́n mi ti sọ fún mi pé òun á pe àwọn ará ilé ní Ìjẹ̀bú kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ dè yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màámi.

Sátidé ni àwọn tó máa gbé yín ń bọ̀. Pásítọ̀ á gbàdúrà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló máa bá yín délé, èmi á dúró ti àwọn tó máa wó fẹ́ǹsì. Bóyá ẹ mọ̀, bóyá ẹ ò mọ̀, mi ò ní rẹ́ni bi. Ojú ṣì ń tì mí, mo sì ṣì fẹ́ràn yín bí mo ṣe fẹ́ràn yín tẹ́lẹ̀. Mi ò ní pàtẹ́wọ́ fún yín, ọmọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí bàbá rẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà.

Ó yá, Bàbá mi, ẹ dìde, ẹ fún omi láyè.

Èmi ni,
àbíkẹ́yìn yín tó máa ń sá tẹ̀lé èèpo ọsàn.