Òdo Tí Kànga Wa Gbà

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Bí o bá béèrè nípa wa, gbogbo wa wà, àfi orúnkún ìyá rẹ tó ń dá a láàmú. Ẹlẹ́dàá kò ní jẹ́ kí omi tán nínú ìkòkò rẹ.

Ọ̀rọ̀ kànga ni mo fẹ́ bá ọ sọ. O mọ̀ pé wolé-wolé ní òjé ti wọ inú rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yọ́ bátìrì ọkọ̀, pé bí a kò bá wá nǹkan ṣe sí i, òun yóò fi sìmẹ́ńtì dí kànga tí bàbá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí lẹ́búlẹ́bú dúdú tí ẹ fi èèpo àgbọn àti irin ṣe níbi iṣẹ́ yín, tó ń gba òjé mọ́ra, dé, èmi àti ìyá rẹ pọn omi kún àgbá oníke, a dà á sí i, a pò ó pọ̀, a sì gbé òòfà tí o fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ àgbá bí o ṣe wí. Àfi bí ẹni pé wọ́n pè é lórúkọ, gbogbo dúdú náà sáré lọ sí ọ̀dọ̀ òòfà, omi sì mọ́ gaara. Omi la fi ń fọ nǹkan, ìwọ wá ń fọ omi. Mo ní òòfà tó lè fa òjé nínú omi yóò fà á nínú ẹni tó ti ń mu ún, ni mo bá gbé e lé ikùn, ó sì gbá mi mú. Mo pariwo pé òjé ti ń jáde, àṣé irin bẹ́líìtì mi ni. Ìyá rẹ ṣì ń fi mí rẹ́rìn-ín títí di òní.

Wolé-wolé bu omi àgbá lọ yẹ̀ wò, ó fún mi ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n béèrè ọjọ́ orí kànga níbẹ̀, mo kọ ọ́ pé ẹ̀gbọ́n mi ni, kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún un. Ní ọjọ́ keje ó gbé èsì dé, mo wò ó: òjé, òdo rìbìtì. Ọmọ mi, mo rò pé kànga ti fìdí rẹmi ni. Ilé ẹ̀kọ́ wo ni òdo ti jẹ́ ohun rere? Mo jókòó lé ẹnu kànga, mo ní ẹni tó bá fẹ́ da sìmẹ́ńtì, kó dà á lé mi lórí. Wolé-wolé ní kí n dìde, pé ní ti òjé, ẹni tó gba òdo ló gbégbá orókè, kí a ṣáà máa fọ omi náà kí a tó mu ún. Ó bu ife kan mu nínú omi àgbá níwájú gbogbo àdúgbò, ó tún bu òmíràn.

Jọ̀ọ́, fi owó àgbá méjì ránṣẹ́, àwọn aládùúgbò ti to korobá dé ojú ọ̀nà. Fi ti bẹ́líìtì tí kò ní irin kún un.

Ọ̀rọ̀ kan kù. O gba òdo nínú ìṣirò nígbà kan, mo sì nà ọ́ ní pàṣán mẹ́fà. Foríjì mí. Ìwọ tó fọ omi fún wa, ojú rẹ kò ní fi omi ẹkún wẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ, tó nà ọ́ nítorí òdo, tó sì ń mu òdo rẹ báyìí.