Omi Òjò tí Mo Fún Àwọn Eṣinṣin Mu

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ewu orí òrùlé. Mo kí ìyá mi lórí ìkúnlẹ̀. Mo kí Làmídì àbúrò mi, tí ó máa ka lẹ́tà yìí fún yín. Kó rọra kà á o, kó má fo ibì kankan. Mo ní kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn, torí mo gbọ́ pé wọ́n ń sọ ọ́ káàkiri Ṣakí pé ọmọ káfíńtà lọ ń sin eṣinṣin n'Ìbàdàn.

Òótọ́ ni. Kì í kúkú ṣe eṣinṣin ilé ìgbẹ́, àwọn wẹ́wẹ́ tó ń rọ́ bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n ni. Inú ìgò la kó wọn sí, ní ilé ìwádìí kan nítòsí Bódìjà, èmi ni mo sì ń se oúnjẹ wọn. Ọ̀gá mi, Dókítà, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, ló là mí lóye. Wọ́n ní nǹkan kan wà lára gbogbo ohun ẹlẹ́mìí tí a jogún lọ́dọ̀ òbí, jíìnì ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń pàṣẹ iye síńkì, èròjà kan bí irin tó wà nínú oúnjẹ, tí ara yóò gbà, àti iye tí yóò fi pamọ́. Ọmọ tí síńkì bá kéré lára rẹ̀ kì í dàgbà dáadáa, tó bá sì pọ̀ jù, wàhálà ni. Ti eṣinṣin jọ tiwa, ṣùgbọ́n eṣinṣin kì í pẹ́ bímọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Dókítà ní ìran eṣinṣin kan tí jíìnì yìí ti bàjẹ́ lára wọn, wọn ò lè fi síńkì pamọ́. Tí a bá fún wọn lóúnjẹ tí kò ní síńkì, ó yẹ kí ìdin wọn kú. Bàbá mi, wọn ò kú. Ńṣe ni wọ́n sanra, wọ́n hu ìyẹ́, wọ́n ń fò. Dókítà jó yí tábìlì po. Wọ́n ní ó ní láti jẹ́ pé jíìnì mìíràn wà tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìwé tí wọ́n máa kà níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Wọ́n bi mí bóyá mo yí nǹkan kan padà nínú oúnjẹ. Mo ní rárá, tọkàntọkàn ni mo sì fi sọ ọ́.

Òjò ń pa wá níbí. Yàrá kan ni mo gbà sí Àgbowó, èmi nìkan, bí òjò bá sì ti ń rọ̀, àárò yín ló máa ń sọ mí. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú Mọ́ńdè náà, mo sá sábẹ́ ilé tuntun kan, páànù rẹ̀ ń dán, mo bá rántí yín. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi, nígbà tí mo ń bá yín ka ìṣó, pé irin lásán ni páànù, síńkì tí wọ́n fi bò ó ló ń dán, òjò ló sì ń fọ̀ ọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dípẹtà. Mo bá rántí omi tí mo fi po oúnjẹ eṣinṣin.

Ẹ̀rọ ló ń se omi tí a fi ń po oúnjẹ eṣinṣin títí yóò fi mọ́. Ṣùgbọ́n kò síná fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, ni mo bá lọ bu omi òjò tó ṣàn láti orí páànù sínú dírọ́ọ̀mù. Ṣé bí ẹ ṣe tọ́ wa nìyẹn, pé kò sómi tó mọ́ tó omi òjò. Mo tiẹ̀ rò pé oore ni mo ń ṣe wọ́n, n ò kà á sí àyípadà kankan. Àṣé síńkì ni mo fi ń bọ́ àwọn tí kò gbọdọ̀ rí síńkì jẹ.

Tí mo bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Tí mo bá sọ ọ́, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi, kí n di ẹrù mi padà wá bá yín. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Àmọ́ ẹ ò kọ́ mi kí n fi páànù bo igi tó ti jẹrà.

Mo lọ bá Dókítà nílé wọn ní Baṣọ̀run lọ́jọ́ kejì, mo kúnlẹ̀, mo rò ó látòkèdélẹ̀. Wọ́n wá bi mí pé ta ló sọ ọ̀rọ̀ páànù fún mi. Mo ní bàbá mi ni. Wọ́n mú ìwé tí wọ́n ń kọ, wọ́n fà á ya sí méjì. Mo ti ń sunkún nígbà yẹn.

Wọn ò ka nǹkan kan lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Iná dé, a tún oúnjẹ sè lọ́nà méjì, omi tí ẹ̀rọ sè lọ́tọ̀, omi orí páànù lọ́tọ̀. Nígbà tó fi máa tó ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ti omi orí páànù ń fò kiri. Àwọn ti omi ẹ̀rọ kú pátá, a sì bọ ara wa lọ́wọ́ bí ẹni tó bímọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ wa nìyẹn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Dókítà fi kọ́kọ́rọ́ yàrá eṣinṣin lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ẹni tó lè sọ pé òun lòun bà á jẹ́, òun ni mo lè gbà gbọ́ lọ́jọ́ tó bá ní òun ò bà á jẹ́."

Kí àkàbà má yẹ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀, Bàbá mi. Kí ìyá mi jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí tẹrú tọmọ, àti àwọn tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pàápàá.

Èmi ni ọmọ yín tí wọ́n fọkàn tán,
Rísíkátù