Ìṣẹ́jú Kan Tí Mo Yà Sọ́tọ̀

Olóòtú ètò rédíò wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, Àbúrò ni kí ẹ pè mí.

Èmi ni mo to àwòrán eré tẹlifíṣọ̀n alápá mẹ́fà yẹn pọ̀, èyí tí ọkọ̀ kan sọnù sáàárín àwọn ìràwọ̀, tí nǹkan sì ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láti ìta. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kọ ọ́. Gbogbo èèyàn ló ń bèèrè ta ló ń kanlẹ̀kùn, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sì fẹ́ kí eré náà máa tẹ̀ síwájú.

Inú bí ẹ̀gbọ́n mi. "Àbúrò, ṣé mi ò ṣí ilẹ̀kùn yẹn ni? Àbí mi ò mọ̀ ọ́n kọ mọ́?"

Mo ní, "Ẹ ṣí i, mà." Mi ò lè wojú wọn.

Ìgbà mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n mi yí ìṣẹ́jú tó gbẹ̀yìn padà, èyí tí ilẹ̀kùn ti ṣí, ni mo bá yà á sọ́tọ̀. Nígbà tí mo fẹ́ fi eré ránṣẹ́, ìkánjú ò jẹ́ kí n rántí so ó mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n mi kì í wo iṣẹ́ ara wọn, wọn ò tíì mọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n máa tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pé kí eré náà máa tẹ̀ síwájú. Bí mo bá jẹ́wọ́, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ àwa ogójì tá a jọ ń ṣe eré náà. Bí mo bá dákẹ́, ẹ̀gbọ́n mi á máa bú orí ara wọn.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí eré náà máa lọ, àbí kó parí síbi tí wọ́n parí rẹ̀ sí?

Kò sí àárọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi kì í gbọ́ ètò yín. Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń kanlẹ̀kùn báyìí, èmi ni o.