Màmá, Èmi Náà Ti Di Alábọ́

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ẹ kú àfojúsọ́nà mi. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà nínú yàrá mi ní Kétu níbí kí n tó mú bírò, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró. Mo kí Bàbá Àgbà, mo kí Ìyá Ráṣídì, mo sì kí Bọ̀dá Ráṣídì tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á síta gbangba kí tẹbí tọ̀rẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnikẹ́ni má lọ gbọ́ àbọ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́nu awakọ̀. Ẹ má sì fo ibi tó bá pa yín lẹ́rìn-ín.

Màmá, mo ti fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀. Abọ́ ni mo ń tà báyìí.

Mo mọ̀ pé ẹ ti káwọ́ lérí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Mo rántí ọjọ́ tí mo gba ìwé-ẹ̀rí tíṣà. Ẹ kó ìyókù abọ́ tánganran yín sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ ní ó tán, ọmọ yín kò ní ru ẹrù kiri Ṣakí àti àwọn abúlé rẹ̀ bí ẹ ti rù ú. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ni kò jẹ́ kí n kọ̀wé láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé n kò ráyè. Ẹ̀rù yín ló ń bà mí.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Onílé gba ilé tí ilé-ìwé wa wà ní Alápẹ̀rẹ̀, ni wọ́n bá kó àwọn ọmọ lọ sí ibi tó jìn. Òjò ọdún yìí kò sì ṣeé fẹnu sọ. Bó bá ti ṣú díẹ̀, omi á gba ọ̀nà Mile 12, ẹni tó wọ bàtà á bọ́ ọ dání. Mo bá jókòó sílé. Èkó kò dára fún ẹni tó jókòó sílé, Màmá. Ojúlé mẹ́jọ ló wà nínú ilé wa, ṣùgbọ́n tí gbogbo wọn bá ti jáde láàárọ̀ Mọ́ńdè, á ku èmi nìkan àti omi tó ń kán láti òrùlé. Àárò yín sọ mí nígbà náà débi pé mo ń bá fọ́tò yín sọ̀rọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń kọ́ni ló mú mi lọ sí ìpàdé kan ní Mende. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe abọ́ rọ́bà olọ́mọrí ló pè é. Wọn kò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn tà á ra àpótí àkọ́kọ́, á pe ẹbí àti ọ̀rẹ́ sílé, á fi bí abọ́ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn wọ́n, kálukú á sì kọ èyí tó wù ú sílẹ̀. Mo mọ ohun tí ẹ ń rò. Kì í ṣe ti àwọn tó ń ní kí ènìyàn kó owó wá kí owó náà lè máa bímọ. Abọ́ gidi ni. Bí ẹ bá bu ọbẹ̀ sí i, tí ẹ dé e, tí ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ̀kán kan kò ní jáde.

Wọ́n ní kí a fi oúnjẹ ṣe àfihàn. Mo se ìrẹsì, mo dín dòdò, mo bù ú sínú gbogbo abọ́ tó wà nínú àpótí, mo sì pe ojúlé méjèèje tó kù. Mo sọ̀rọ̀, mo dojú abọ́ délẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n jẹun. Ni Ìyá Bísí, ọ̀kan nínú àwọn ará ilé wa, bá dìde, ó gbàdúrà gígùn fún mi, ó ní ayọ̀ la ó máa fi pe ara wa. Mo ṣe àmín kíkankíkan. Ó ki abọ́ sábẹ́ ìborùn, ó jáde. Àwọn yòókù náà tẹ̀ lé e, tàwọn ti abọ́ wọn. Bọ̀dá kan tó ń wa ọkọ̀ lọ sí Ìfákọ̀ tiẹ̀ bèèrè bóyá òun lè mú ọ̀kan sí i fún ìyàwó òun tí kò sí nílé. Ẹ ṣáà mọ̀ pé bí wọ́n bá ń ṣe ìnáwó ní Èkó, wọ́n máa ń pín abọ́ rọ́bà fún àlejò. Ìnáwó ni wọ́n rò pé mo ṣe! Àdúrà tí mo ti ṣe àmín sí, báwo ni mo ṣe fẹ́ ní kí wọ́n dá abọ́ mi padà? Àpótí ṣófo, ọjà kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Àlàájà tí yàrá wọn kọjú sí tèmi wá kí mi kú ìnáwó àná, wọ́n bá mi tí ojú mi wú. Ata ni Àlàájà ń tà ní àpò-àpò ní Mile 12. Wọn kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ki ọwọ́ bọ àpò ata, wọ́n á sọ èyí tí yóò jẹrà kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ṣàlàyé fún wọn. Àlàájà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bèèrè iṣẹ́ tí ìyá mi ń ṣe. Mo ní Ìyá Alábọ́ ni wọ́n ń pè wọ́n ní Ṣakí. Ẹ̀rín tán lẹ́nu wọn. Wọ́n ní ṣé ọmọ alábọ́ ló wá ń sunkún nítorí abọ́. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ lọ gba ọ̀kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí n wẹ ojú mi.

Màmá, obìnrin ni Àlàájà o! Wọ́n bu ẹ̀wà olómi sínú abọ́ tiwọn, wọ́n gbé e lọ sí Mile 12, wọ́n sì dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí ìborùn wọn funfun lójú gbogbo àwọn aláta. Àwọn yẹn pariwo. Àlàájà ṣí i, wọ́n jẹun. Ìgbà tí ọ̀sẹ̀ fi máa parí, wọ́n ti ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá bá àwọn tó fẹ́ rà. Mo débẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé tí wọ́n kọ́ wa ní Mende. Àlàájà fọwọ́ tọ́ mi, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ kí ènìyàn ná.

Àfi bí abọ́ mi ṣe ń padà wá sílé. Àlàájà ló rọra la àwọn ará ilé wa lóye pé ọjà ni. Kò sì sí èyí tó padà lófìfo. Gààrí ló wà nínú ti Ìyá Bísí. Ẹ̀pà wà nínú ọ̀kan lára ti awakọ̀, ìyàwó rẹ̀ sì di èkejì mú, ó ní òun ń fẹ́ mẹ́rin sí i. Ti Àlàájà náà kò padà. Wọ́n sanwó rẹ̀, wọ́n ní àwọn ni àkọ́tà.

Màmá, ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò sọ rí. Nígbà tí mo wà ní iléèwé, bí mo bá rí yín tí ẹ ń bọ̀ pẹ̀lú abọ́ lórí, ẹ̀yìn ọgbà ni mo máa ń gbà kí àwọn ẹgbẹ́ mi má mọ̀ pé ìyá mi ni. Ẹ forí jì mí. N kò mọ ohun tí mo ń wò. Ẹ̀ ń wọ ilé onílé, ẹ ń kí wọn títí wọ́n á fi fún yín lómi mu, kí ẹ tó sọ ẹrù kalẹ̀. Ní Mende, wọ́n ní iṣẹ́ tuntun láti òkè òkun ni wọ́n ń kọ́ wa. Mo ti wá ń rẹ́rìn-ín nínú báyìí. Ẹ̀yin lẹ ti ń ṣe é kí a tó bí mi, orí yín lẹ sì fi rù mí dé ilé-ìwé.

Mo fi abọ́ aláwọ̀ ewé kan rán ẹni tó mú lẹ́tà yìí bọ̀. Ṣúgà ló wà nínú rẹ̀. Bí iṣẹ́ yìí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ dá a padà lófìfo, ó máa yé mi, màá sì wá iṣẹ́ tíṣà mìíràn. Bí ẹ bá gbà fún mi, ẹ súre sínú rẹ̀, kí ẹ dé e dáadáa. Kò ní jò kó tó dé Kétu.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àti àwọn ìyá tí ẹ jọ ń kiri nígbà náà. Ẹ̀mí yín á gùn, ẹsẹ̀ tí ẹ fi rìn nítorí mi kò ní ro yín. Ojú ọ̀nà ni mo ń wò.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ìyá Alábọ́.