Ọta Keje Kúnlé

Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

Kúnlé tí mo kọ́ ní ìṣirò nílé ìwé ní Nàìjíríà, tó wá di ẹnjiníà ní Clear Lake ní Amẹ́ríkà níbí, ló gbé mi lọ wo ìbọn rẹ̀ ní pápá ìyìnbọn lónìí. Ìbọn àtijọ́ ni, irú èyí tí wọ́n ń fa irin abẹ́ rẹ̀ kí ọta mìíràn tó bọ́ sí ojú ihò. Akẹtẹ̀ darandaran òyìnbó tó dé fẹ̀ ju ọgbọ́n tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ.

Ó yìn ín títí, kò ba ìkankan nínú bébà tí wọ́n gbé kọ́ lọ́ọ̀ọ́kán. Ó tún fa irin náà pẹ̀lú fáàrí. "Ó ti tán, sà."

Mo ní, "Kúnlé, méje lo kì. Mẹ́fà ni mo gbọ́."

"Háà, sà! Ẹnjiníà mà ni mí."

Ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti dúpẹ́ pé mo wá, tìbọn-tìbọn, ẹnu ìbọn dojú kọ orúnkún mi. Òyìnbó tó ń ṣọ́ wa figbe ta. Èmi tí ẹsẹ̀ ń dùn yìí, mo fò! Òyìnbó gba ìbọn, ó fa irin, ọta keje fò jáde.

Nínú mọ́tò, Kúnlé ń bẹ̀ mí kí n má sọ fún ìyàwó òun.

Méjì nínú mẹ́wàá ni mo fún un nínú ìṣirò nígbà tó wà ní kíláàsì mi. Ó pẹ́ tí mo ti ń rò pé mo le jù. Àṣé àánú rẹ̀ ló ṣe mí.