Ẹ Yọ Èèkù Ọ̀bẹ Náà Kí Ẹ Tó Lò Ó

Ọjà-Ọ̀dàn, nínú ọyẹ́.

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú àmójútó ilé tí Bàbá fi sílẹ̀ fún wa. Mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí àwọn ará àdúgbò tó ń bá yín jókòó nírọ̀lẹ́. Mo kí Ẹ̀gbọ́n Làmídì, àkọ́bí yín, ẹni tí lẹ́tà yìí kàn jù. Mo kúnlẹ̀ kí wọn gẹ́gẹ́ bí àbúrò ti í kí ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí pé mo kúnlẹ̀, nítorí pé ohun tí mo fẹ́ sọ lẹ́yìn ìkúnlẹ̀ náà kò rọ̀.

Ẹ ti sọ fún mi lórí fóònù pé ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá méjì kì í jáde sí títì. Mo gbọ́, mo sì fi ọjọ́ mẹ́ta rò ó. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ilé wa kò lè dá ẹjọ́ yìí nínú ilé wa. Ọjà tí Ẹ̀gbọ́n ń tà wà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Ìṣẹ́yìn lọ́dọ̀ yín, mo sì fẹ́ kí àwọn náà rí lẹ́tà yìí kà.

Láti ìgbà tí mo ti parí ní polí ní Ìlaró ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ ní agbègbè Yewa yìí. Àwa mẹ́fà la jọ ń wọ igbó. A máa ń la ọ̀nà tóóró tó tọ́ bí okùn, kí ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ lè ríran láti òpó kan dé èkejì, nígbà mìíràn a sì máa ń sun inú àgọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin kí a tó fojú kan ìlú. Àdá la fi ń ṣán igbó. Iṣẹ́ tó kù, ọ̀bẹ ńlá ni í ṣe é: gbígbẹ́ èèkàn, gígé okùn àgọ́, lílà igi ìdáná. Irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tó ń ká bí ọ̀bẹ àpò. Ó gbọ́dọ̀ gùn tó láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́, kí ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn débi tí a lè fi igi lù ú. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni irin tó wọ inú èèkù, èyí tí Bàbá máa ń pè ní ìrù ọ̀bẹ. Ó gbọ́dọ̀ gba inú èèkù já dé ìsàlẹ̀.

Kí wọ́n tó ti bodè, a kì í ronú lórí rẹ̀. Obìnrin kan ló máa ń kó wọn wá sọ́jà láti òdìkejì, tó ń fi Faransé ka owó, tó ń fi Yorùbá búra. Irin lásán ló ń tà, kò sí èèkù lára rẹ̀. Nígbà tí bodè tì, a kò rí i mọ́. Ìrẹsì wọ́n, a ń wá epo ọ̀kadà kiri, ọ̀bẹ wa sì ń tán lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú ọ̀nà kún fún àwọn tó ń yẹ ẹrù wò. Ọ̀kan nínú wọn gbé ọ̀bẹ mi tó kẹ́yìn sókè, ó béèrè bóyá ọkọ mi ni mo fẹ́ fi gé sọ́bẹ̀. Mo ní n kò tíì lọ́kọ. Ó ní kò ya òun lẹ́nu. Kò dá ọ̀bẹ náà padà.

Ìgbà náà ni Ẹ̀gbọ́n pè mí. Wọ́n ní ojúlówó ọ̀bẹ ti wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn kí bodè tó tì, wọ́n sì fi mẹ́fà ránṣẹ́ sí mi. Èèkù rẹ̀ jẹ́ rọ́bà dúdú, ó ní àkọ̀ awọ, ojú rẹ̀ ń dán.

Màmá, ibi tí ẹ̀bi tèmi wà nìyí, n kò ní fi pamọ́. Bàbá kì í ra ọ̀bẹ tó ti ní èèkù. Wọ́n máa ń sọ pé aṣọ ọ̀bẹ ni èèkù, kí a bọ́ ọ wò kí a tó mú un wọlé. Abẹ́ igi ọ̀sàn ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń ti ìrù ọ̀bẹ bọ inú ẹyin iná, tí wọ́n sì ń fi jó ihò sínú igi títí èéfín yóò fi bo ojú wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe níhìn-ín. Bàbá Táíwò, ará Joga-Orílé, tó dàgbà jù nínú wa, gbé ọ̀kan nínú ọ̀bẹ náà, ó ní kí n jẹ́ kí òun lu èèkù rẹ̀ yọ. Mo kọ̀. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ló fi ránṣẹ́. Lójú mi, kí n máa tú ọjà ẹ̀gbọ́n mi wò lójú àlejò dà bí ìgbà tí mo pè wọ́n ní olè. Bàbá Táíwò rẹ́rìn-ín, ó fi orúkọ tí wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́ dá mi lóhùn:

“Ìyá Onílẹ̀, ọ̀bẹ ò mẹ̀gbọ́n o.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì nínú igbó, Bàbá Táíwò ń gbẹ́ èèkàn. Ó fi ọwọ́ òsì di igi mú, ó gbé ọ̀bẹ sókè. Èèkù nìkan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Irin ti fò jáde, ó sì ti bá ọwọ́ òsì. Orí ọ̀kadà la ti gbé e jáde, mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀, mo fi ìborùn mi di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú pinpin, wọ́n sì dá wa dúró lẹ́ẹ̀mẹta kí a tó dé Ìlaró. Wọ́n ti rán an. Ìka mẹ́ta kò tíì tẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè sọ bóyá wọn yóò tẹ̀. Ọwọ́ yẹn ló fi ń kọ ebè jẹun kó tó di pé ó tẹ̀lé wa.

Mo lu èèkù àwọn márùn-ún tó kù yọ, mo tẹ́ wọn sórí tábìlì, mo wọ̀n wọ́n. Kò sí èyí tí ìrù rẹ̀ gùn tó ìka ìlábẹ̀ mi. Gọ́ọ̀mù ló dì wọ́n mú. Mo ya fọ́tò wọn, mo fi ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní ìwé ti pọ̀ lágbárí mi. Wọ́n ní bóyá bàbá náà kò mọ ọ̀bẹ lò. Mo béèrè ohun tí wọn yóò ṣe sí àwọn tó kù ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní àwọn yóò tà á, torí bodè tì, kò sí ibi tí àwọn yóò ti rí òmíràn.

“Ṣé kí n wá máa jẹ irin ni, Sìkírátù?”

Ìdáhùn mi ni ẹ ń kà yìí.

Láti ọjọ́ tí Bàbá Táíwò ti fara pa, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń kí mi bí ẹni ń kí àlejò, ọyẹ́ sì ń fẹ́ gba inú àgọ́ tí èmi nìkan ń sùn sí. N kò bá wọn jà. Nígbà tó yá, mo bẹ Bàbá Táíwò, ó sì mú mi lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ kan ní Joga-Orílé, tó ń fi sípíríǹgì ọkọ̀ ńlá tó ń lọ kó sìmẹ́ńtì ní Ibeṣe rọ ọ̀bẹ. Tòun ti báńdéèjì lọ́wọ́ ni Bàbá Táíwò fi yẹ àwọn ọ̀bẹ náà wò: ó fi òkúta kan ẹ̀yìn wọn, ó gbọ́ ìró wọn, ó tẹ̀ wọ́n mọ́ ara igi, ó wò ó bóyá wọ́n padà tọ́. Ó ju mẹ́rin dànù kí ó tó mú ẹyọ kan. Mo dúró tì í, n kò sọ nǹkan kan. Ó yẹ kí n ti dákẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́.

Nísinsìnyí, Màmá, ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ẹ sọ fún mi pé Ẹ̀gbọ́n fún ẹ̀yin náà ní ọ̀kan, pé òun lẹ fi ń gé ẹ̀gẹ́ lóko, pé ó mú dáadáa. N kò sùn dáadáa láti ìgbà náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi gé nǹkan kan mọ́. Ẹ pe Ẹ̀gbọ́n sí ẹ̀yìnkùlé, sábẹ́ igi ọ̀sàn. Ẹ ní kí wọ́n fi ọwọ́ òsì wọn di igi mú, kí wọ́n sì fi ọ̀bẹ náà gbẹ́ èèkàn kan ṣoṣo fún yín. N kò bẹ̀rù fún wọn, nítorí mo mọ̀ pé wọn kò ní gbẹ́ ẹ. Nígbà tí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní kí wọ́n lọ kó ìyókù kúrò lórí àtẹ, kí wọ́n sì lọ bá gbogbo ẹni tí wọ́n ti tà á fún.

Mo fi ọ̀bẹ tí Bàbá Táíwò mú náà rán awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́jọ́ ọjà sí yín. Kò ní èèkù. Ẹ ó rí ìrù rẹ̀ kí ẹ tó dì í mú.

Ọlọ́run yóò dá ọwọ́ yín sí, yóò sì fi ẹ̀mí gígùn jíǹkí yín. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà. Ẹ kí Ẹ̀gbọ́n.

Èmi ni ọmọ yín,
Sìkírátù.